Ìbéèrè Adojúdé Tí Mo Gbé Wálé fún Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ kan fún yín. Eré tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni mo gbé wálé tọ ìyá mi lọ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé mi ṣépè. Ọ̀rọ̀ ojú wọn ló fà á, ojú tó ń lọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ pé ó ń lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá áńkáṣíìfù o, mi ò ní sunkún níbí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹkún kì í yá mi. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo máa sọ ọ́.

Orúkọ mi ni Àwáwù. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ tíṣà, níbí ní Ìlọrin. Ilé wa ò jìnnà sí Ọjà Tuntun. Bàbá mi ti ṣaláìsí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà nílé ọkọ, èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé.

Ìyá Kéwú ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá mi. Bí a bá ti kírun Alàásárì tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa á kún fún ọmọ. Ẹlòmíì á gbé wàláà dání, ẹlòmíì á gbé ìwé kéwú, kálukú á máa ké ibi tó bá kà dé lóhùn òkè. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé ìjà ni. Ìyá mi á jókòó sórí ẹní láàárín ariwo yẹn, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Àfi bí ọmọ kan bá ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kà ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún! "Padà sẹ́yìn!" Ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Bàbá wọn ló kọ́ wọn, bàbá bàbá wọn ló kọ́ bàbá wọn. Wọn ò níṣẹ́ mìíràn, wọn ò sì fẹ́ òmíràn.

Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Wọ́n á da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù. Wọ́n á fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń gbà kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé náà. Bí mo bá gba apá ọ̀tún wọn wá, tí mo dúró jẹ́ẹ́, wọn ò ní mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ àfi bí mo bá húkọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan ń kéwú níwájú wọn, mo sì rí i pé ojú ewé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kọ́ ni ọmọ náà ń kà. Ojú ewé mìíràn pátápátá ni! Síbẹ̀, wọ́n ń tọ́ ọmọ náà sọ́nà, wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti há gbogbo ẹ̀ sórí láti kékeré. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé wọn ò rí ìwé?

Ìgbà tí wọ́n wá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, tí orúnkún wọn bó, mo bi wọ́n gan-an. Mo ní, Ìyá, ṣé ojú yín ń ríran dáadáa?

"Àlùhámúdùlíláì. Ojú mi mọ́ gaara."

Wọ́n yára sọ ọ́, bí ẹni tó ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Mo ní ká lọ sí ọsibítù ojú. Wọ́n ní kí la fẹ́ lọ wí fún dókítà, ṣé ká ní kó wá wo ojú tí kò ṣe nǹkan? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi àgbà lórí fóònù. Òun náà bi wọ́n. Àlùhámúdùlíláì lòun náà gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé bíi tiwa á mọ ohun tí mò ń wí. Nílé wa, a kì í fẹnu wa pe ohun burúkú. Ìyá mi gbà pé màlékà wà níbẹ̀, pé ohun tí èèyàn bá wí nípa ara ẹ̀, àmín ni wọ́n á ṣe sí i. Ikọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀, ìyá mi á ní ó ti ń lọ. Bí ara wọn bá gbóná tó fi jóni lọ́wọ́, wọ́n á ní ara ń mókun. Bí mo bá ní ìdánwò ń bọ̀, ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n á ní kí n yáa gbé ẹ̀rù yẹn kúrò lẹ́nu. Mi ò bá wọn jà sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ yanjú ìṣòro ẹni tí kò ní gbà láé pé ìṣòro wà?

Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná, ká lọ sí kíláàsì.

Ọ̀gá kan wà tó ń kọ́ wa ní bí èèyàn ṣe ń fọgbọ́n orí wá ojútùú sí ìṣòro. Ẹ Tún Un Rò la sọ ọ́. Kò sí ìdáhùn tí ẹ fẹ́ fún un, bó ṣe wù kó dára tó, tí kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́ kó ní ẹ tún un rò. Kò fẹ́ràn kó máa ka nóòtì fún wa kọ. Eré ló máa ń kó wá. Lọ́jọ́ kan, ó pín ìgbálẹ̀ fún wa, ó ní ká fi ẹyọ ìgbálẹ̀ àti okùn kọ́ ilé tó máa ga jù. Tiwa wó lu gèlè Sàádátù. Lọ́jọ́ mìíràn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó ti jò wá, ó ní kálukú kó sọ ohun tí a lè fi ṣe. Sàádátù ní ká gbin ata sí i. Ẹnì kan ní ká fi wọ́n omi sí ọgbà. Èmi ní ká gbé e fún aṣátúnṣe. Ẹ Tún Un Rò wò mí, ẹ ti mọ ohun tó wí.

Sàádátù yìí lọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Òkè-Oyì ni, bàbá ẹ̀ ń dáko, wọ́n sì ń sin ewúrẹ́. Ẹnu ẹ̀ kì í dúró. Bí a bá jọ wọ kẹ̀kẹ́, kí a tó sọ̀, ó ti mọ ilé baba ẹni tó wà á. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí a fi bára wa mu.

Kí n má purọ́ fún yín, mi ò ka àwọn eré yẹn sí. Mo máa ń ṣe é, mo máa ń gba máàkì mi, mo máa ń lọ jẹun. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kùn pé ṣé eré la sanwó wá ṣe ni. Mo rò pé èèyàn tó ní ìṣòro gidi nílé ò ní máa to ẹyọ ìgbálẹ̀ léra.

Ó wá di ọjọ́ kan. Ẹ Tún Un Rò wọlé, ó kọ ìbéèrè kan sójú bọ́ọ̀dù. Ohun tó kọ ni pé, kí la máa ṣe kí gbogbo kíláàsì yìí lè féèlì?

Ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀! "A-úsù bílláì!" "Ọlọ́run má gbọ́!" "Kò ní ṣẹ!" Arábìnrin kan fi ìka di etí méjèèjì. Arákùnrin kan tó máa ń ṣáájú wa kírun ti ń kó ìwé ẹ̀ sínú báàgì. Sàádátù tí kò sóhun tí kò lè sọ, ó ní òun ò bá wọn dá sí i, tí ìyá òun bá gbọ́ ní Òkè-Oyì, wọ́n á ní kí òun máa bọ̀ nílé. Ọ̀gá dúró ti bọ́ọ̀dù pẹ̀lú máàkà lọ́wọ́, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kọ. Ó ní ìbéèrè adojúdé ni, pé a máa da ìṣòro dojú dé ká lè rí ìdí ẹ̀. Ta ló fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ pe féèlì fún ara ẹ̀, nígbà tí ìdánwò ò jìnnà mọ́?

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ìbéèrè náà kúrò. Ó ní ó dáa, kì í ṣe kíláàsì yìí. Ó ní ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìlú Kò-sí, kò sí lórí ilẹ̀, kò sí nínú omi. Ṣàìtánì ni pírínsípà ilé ìwé ibẹ̀. Ṣàìtánì wá bá wa, ó ní ká gba òun nímọ̀ràn bí gbogbo ọmọ ilé ìwé òun ṣe máa féèlì.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ẹnu wá là. Ẹnì kan ní kó fi ìdánwò sí àkókò ìrun Jímọ̀. Ẹnì kan ní kí tíṣà máa wọlé nígbà tí aago bá fẹ́ lù. Sàádátù ní kó jẹ́ kí wọ́n máa tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Arákùnrin tó ti kó ìwé ẹ̀ sínú báàgì tún kó o jáde, òun ló wá ń sọ̀rọ̀ jù! Bọ́ọ̀dù kún. Ẹ Tún Un Rò wá ní ká máa yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ di ohun tó ń tún un ṣe. Ó ní bí ìṣòro bá wà tí ẹ ò lè fẹnu pè, ọwọ́ yín ò ní tó o. Ó wá fún wa ní asáìnmẹ́ǹtì: kálukú kó lọ bá àgbàlagbà kan nílé, kó fi ìbéèrè adojúdé wá ìdí ìṣòro kan, kó wá sọ ọ́ ní kíláàsì.

Mo pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù ṣe pàtẹ́wọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ lọ sílé ni mo ti rò ó pé ọ̀rọ̀ ojú ìyá mi ni mo máa fi ṣe é.

Ibi tí mo ti ṣe é tì rèé.

Ìyá mi ń ṣe àlùwàlá ní ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró, mo ní, Ìyá, ká ní a fẹ́ kí ẹ ṣubú lọ́la, kí la máa ṣe?

Wọ́n gbé bútà àlùwàlá sílẹ̀. Wọ́n kọjú sápá ibi tí ohùn mi ti wá, ṣùgbọ́n ojú wọn ò bọ́ sára mi gan-an. Wọ́n ní, "Àwáwù, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Yé! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní asáìnmẹ́ǹtì ni, mo ní máàkì wà níbẹ̀, mo ní ọ̀gá wa ló ní ká ṣe é. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń burú sí i. Wọ́n ní ṣé owó ilé ìwé tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń dá jọ nìyí, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìṣubú fún ìyá ẹni? Wọ́n ń pe àsítàgàfúrúláì, wọ́n tún ń pè é. Wọ́n tún àlùwàlá náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wọlé.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ o. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn kéwú, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ṣàdúà pé kí Ọlọ́run yọ ilé yìí nínú ọmọ tó ń fẹnu pe ibi wọlé. Àwọn ọmọ ké àmín, òrùlé fẹ́ẹ̀ ṣí! Inú kíṣìnnì ni mo wà, mò ń gé àlùbọ́sà. Èmi náà ṣe àmín. Kí ni ǹ bá ṣe? Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ìyá mi ò ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú ilé mọ́. Oúnjẹ mi, wọ́n á bù ú sílẹ̀, wọ́n á dé e, wọn ò ní pè mí.

Ó dùn mí. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé wọ́n tún fèjìká gbá òpó ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì lè bi wọ́n mọ́ rárá.

Ọjọ́ Àlàmísì ni Sàádátù wá kí mi. Ìyá ẹ̀ fi wàrà rán an sí ìyá mi. Yàrá mi la wà tí mo ti ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ̀rín ló fi rín mi! Ó ní ìwọ Àwáwù, o gbé Ìlú Kò-sí sílẹ̀ sí kíláàsì, o wá gbé ìbéèrè ní ìhòòhò tọ ìyá ẹ lọ, o tún fẹ́ di tíṣà? Mo ní kó dákẹ́ ẹnu ẹ̀. Mo ní kò sí Ìlú Kò-sí kankan tó lè mú ìyá mi sọ ohun tí wọn ò fẹ́ sọ.

Ibi tí a ti ń bá ara wa jà la ti gbọ́ ohùn ìyá mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ Àlàmísì, wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú títí. Wàásí ni wọ́n máa ń ṣe fún wọn. Mo ti gbọ́ wàásí yìí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, etí mi ò kà á sí nǹkan mọ́.

Wọ́n ní, "Kí ni Ṣàìtánì máa ń ṣe kí ọmọ má baà jí kírun àsùbáà?"

Àwọn ọmọ ní á da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Wọ́n ní á sọ fún un pé omi ti tutù jù. Wọ́n ní á jẹ́ kó wo fóònù pẹ́. Bí wọ́n ti kọ́ wọn, gbogbo wọn wá ké e lẹ́ẹ̀kan náà: "Kí la máa wá ṣe sí i, Ìyá?" Ìyá mi wá ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi àti Sàádátù wo ara wa.

Ṣé ẹ rí i? Ìyá mi ò lè fẹnu pe ibi fún ara wọn, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ Ṣàìtánì, wọ́n lè pè é! Gbogbo Àlàmísì ni wọ́n ń da ìbéèrè dojú dé nínú ilé wa, èmi ni mi ò gbọ́. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, Sàádátù ti dìde. Ó tún híjáàbù ẹ̀ ṣe, ó jáde. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ò bá a.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ. Ó ní, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè Ṣàìtánì kan. Ìyá mi fẹ́ràn Sàádátù, wọ́n ní kó béèrè. Ó ní, ìyá kan wà ní Ìlú Kò-sí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Ṣàìtánì fẹ́ kó má lè kọ́ wọn mọ́. Kí ni Ṣàìtánì máa ṣe sí i?

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ń retí pé wọ́n á lé e jáde.

Wọn ò lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ìbéèrè bá dáa. Wọ́n ní Ṣàìtánì ò ní mú ẹnu ẹ̀, torí tó bá mú ẹnu ẹ̀, gbogbo ayé á gbọ́. Wọ́n ní ojú ló máa gbà. Wọ́n ní kò ní mú un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ti bẹ̀rẹ̀, á máa fà á sínú díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń ti fèrèsé. Kò ní dùn ún. Á fi àárín sílẹ̀ fún un, kó lè máa tan ara ẹ̀ jẹ pé òun ṣì ń ríran.

Ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

Wọ́n ní Ṣàìtánì á wá sọ fún un pé kó má sọ ọ́ o. Á ní bó bá sọ ọ́, á ṣẹ. Á ní bí àwọn ìyá ọmọ bá gbọ́, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ síbòmíì, ilé kéwú tí baba ẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ á dá. Obìnrin náà á wá máa fi ẹnu ara ẹ̀ bá Ṣàìtánì pa á mọ́.

Àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ṣe bí ìyá mi ti kọ́ wọn, gbogbo wọn ké e lẹ́ẹ̀kan náà: "Kí lobìnrin náà máa wá ṣe sí i, Ìyá?"

Ìyá mi ò dáhùn. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí i kí wọ́n bi ìyá mi ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n má dáhùn. Wọ́n fọwọ́ wá tẹ̀súbáà wọn lórí ẹní, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lápá ọ̀tún, wọn ò rí i. Sàádátù ló mú un lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ká ṣàdúà, ká túká.

Sàádátù ò sọ̀rọ̀ títí mo fi sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀. Sàádátù o! Ìgbà tó fẹ́ wọlé sínú ọkọ̀ ló tó ní, "Àwáwù, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n má bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Jẹ́ kí wọ́n wá bá ọ." Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tó fún mi láì fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Mi ò bi wọ́n. Nígbà tí a kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri wá sí yàrá mi, wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìyá Ìlú Kò-sí tí Sàádátù ń sọ yẹn, ó dà bíi pé kó lọ fi ojú han dókítà. Wọ́n ní ṣé mo máa ráyè sìn ín lọ. Mo ní mo máa ráyè. Wọ́n ní kí n jẹun kí a tó lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìjà ti parí.

Ní ọsibítù, dókítà ojú, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bi wọ́n pé Màmá, kí ló ń ṣe yín? Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wí. Wọ́n sì wí i lóòótọ́! "Àlùhámúdùlíláì." Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí, asán la wá. Wọ́n wá mí kanlẹ̀.

"Apá ọ̀tún mi ti lọ. Tòsì ń lọ. Ó ti pẹ́."

Mo gbójú sókè wo fáànù. Fáànù náà ò yí, kò sí iná. Mo ń wò ó náà.

Dókítà ní ohun tó ti lọ ò lè padà mọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dákẹ́ títí gbogbo ojú wọn á fi lọ tán, pé èyí tó ṣẹ́ kù yìí ṣeé tọ́jú tí wọ́n bá ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí wọn ò sì pa á jẹ. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù ńkọ́? Mi ò bi wọ́n. Kí la fẹ́ fìyẹn ṣe?

Ó di Àlàmísì tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, wọ́n ní kí àwọn ọmọ dákẹ́. Wọ́n ní ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́sí, mi ò dáhùn. Ẹ ní kí ni obìnrin yẹn máa ṣe sí Ṣàìtánì. Á sọ ọ́ síta ni. Bó bá ti sọ ọ́, Ṣàìtánì ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́.

Wọ́n ní, "Èmi ni obìnrin náà. Mi ò ríran dáadáa mọ́."

Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ọwọ́ mi wà lára òpó. Ọmọbìnrin kékeré kan wá bi wọ́n pé Ìyá, ṣé ẹ ò wá ní máa kọ́ wa ní kéwú mọ́?

Ìyá mi ní, "Ta ló ń fojú gbọ́ kéwú? Ìwọ tó ń bi mí yìí, o fo ìlà kan lánàá, o rò pé mi ò gbọ́. Ó yá, padà sẹ́yìn!"

Ẹ̀rín bú! Ọmọ náà padà sẹ́yìn, ó kà á, ó sì gbà á.

Ìyá ọmọ kan kó àwọn ọmọ ẹ̀ kúrò lóòótọ́, kò sọ ìdí ẹ̀. Ìyá mi ní Àlùhámúdùlíláì. Àwọn yòókù ò lọ. Àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀ ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn, àwọn ló ń rán ìyá mi létí oògùn ojú, ariwo tí wọ́n sì fi ń rán wọn létí ju ti kéwú lọ.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ ní kíláàsì. Mo rọra sọ ọ́, mi ò gbé e ga. Nígbà tí mo parí, Ẹ Tún Un Rò ní kí n lọ jókòó. Kò ní kí n tún un rò.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ kò pọ̀. Mi ò ní kí ẹ máa bi ìyá yín ní ìbéèrè tí mo bi ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Èmi náà ò tíì lè fẹnu pe ibi fún ara mi, ara mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé àwọn tó ń dákẹ́ nílé wa, kì í ṣe pé wọn ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju dókítà lọ. Ibi tí wọ́n máa dúró sí sọ ọ́ ni wọn ò rí. Bí a bá wá a fún wọn, wọ́n á sọ ọ́.

Láàárọ̀ òní, tẹ̀súbáà ìyá mi tún já bọ́. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí wọ́n pè mí. Wọn ò pe ìyá Ìlú Kò-sí, wọn ò pe Ṣàìtánì. Wọ́n ní, "Àwáwù, mi ò rí i. Bá mi wá a." Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ bá wọn wá a.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni nǹkan tí ẹnu kì í pè nílé tiyín, ta ló sì kọ́kọ́ pè é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á. Bó bá wúwo jù lẹ́nu, ẹ sọ pé Ìlú Kò-sí ló ti ṣẹlẹ̀. Ó máa yé wa.